Fífi Pẹ̀lẹ́tù Gba Ẹ̀tọ́ Lọ́wọ́ Ẹni Tó Ṣe Sáfíìsì Ọkọ̀

Ní Ore, ibi tí ọ̀nà Ṣágámù sí Benin ti pàdé ọ̀nà tó lọ sí ìlú Oǹdó àti èyí tó lọ sí Òkìtìpupa, kò sí ọjọ́ tí èèyàn ò ní rí ọkọ̀ tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sẹ́bàá ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti rin nǹkan bíi 200 kìlómítà láti Èkó. Èyí tó máa ń dùn mí jù ni ọkọ̀ tí ẹni tó ni ín ṣẹ̀ṣẹ̀ náwó sí. Nítorí ìrìn àjò yìí gan-an ló ṣe gbé e lọ fún sáfíìsì, wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì, wọ́n tú táyà, wọ́n dè é padà, ó sanwó, ó dúpẹ́, ó kọrí sọ́nà. Àṣìṣe tí kò hàn nígbà tí mẹkáníìkì wa ọkọ̀ náà yí ṣọ́ọ̀bù po lẹ́ẹ̀kan, eré wákàtí mẹ́ta ló tú u síta.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe lẹ́yìn náà kò ju méjì lọ. Àwọn kan á gbé fóònù, wọ́n á bú ọ̀gá mẹkáníìkì náà tìyá-tìyá. Àwọn kan á dákẹ́, wọ́n á ní àwọn fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́, wọ́n á sanwó lẹ́ẹ̀kejì fún ẹlòmíràn, wọn ò sì ní yà sí ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ náà mọ́. Ọ̀nà méjèèjì ló ń gbé owó oníbàárà sọnù. Pẹ̀lẹ́tù tí mo fẹ́ ṣàlàyé níbí yàtọ̀ sí ẹ̀bẹ̀, ó sì yàtọ̀ sí ojo, nítorí pé ó ní ètò nínú. Ẹni tó bá fara balẹ̀ kì í ba ẹ̀rí ara rẹ̀ jẹ́, òun náà ló sì ń fi àyè sílẹ̀ kí ẹni tó ṣe àṣìṣe lè gbà pé òun ló ṣe é. Gbogbo wa la mọ "Ó le kú, ìjà Ore", tí ogun abẹ́lé ọdún 1967 fi sílẹ̀ sẹ́nu ọmọ Yorùbá. Irú ìjà bẹ́ẹ̀ kò tíì gba owó ọ́ìlì padà fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tó yẹ ká pè ní àṣìṣe

Sáfíìsì ni pípààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti fílítà rẹ̀, àti yíyẹ pláàgì, búrèèkì, bẹ́líìtì, omi rédíétọ̀ àti táyà wò, kí ohun tó bá ti gbó lè kúrò kó tó dá ọkọ̀ dúró sọ́nà. Bí nǹkan bá wá bàjẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó lè jẹ́ ọwọ́ ẹni tó ṣiṣẹ́ ló fà á, ó lè jẹ́ páàtì tí wọ́n rà ni kò dáa, ó sì lè jẹ́ ohun tó ti ń kú lọ tẹ́lẹ̀ tí sáfíìsì kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀, á fẹ̀sùn kan ẹni tí kò jẹ̀bi, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á sì ti fúyẹ́ kó tó la ẹnu tán.

Ẹ jẹ́ ká wo fílítà ọ́ìlì dáadáa, nítorí òun ni mo rí pé ó máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, agolo irin kékeré kan ni, tí wọ́n ń yí mọ́ ara ẹ́ńjìnnì. Rọ́bà róbótó kan wà létí ẹnu rẹ̀ tó ń dí i kí ọ́ìlì má baà jò. Bí wọ́n bá tú fílítà àtijọ́ kúrò, rọ́bà rẹ̀ lè ṣẹ́kù sára ẹ́ńjìnnì, nítorí ooru ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀ típẹ́. Bí ọmọ iṣẹ́ kò bá fi àkísà nu ojú ibẹ̀ kó sì fọwọ́ pa á wò, á yí fílítà tuntun pẹ̀lú rọ́bà tirẹ̀ lé e lórí. Rọ́bà á wá di méjì. Ó lè má jò rárá nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n bí awakọ̀ bá tẹná mọ́ ọn lójú ọ̀nà, tí agbára ọ́ìlì sì pọ̀ sí i, ọ̀kan nínú rọ́bà náà á yẹ̀ síta, ọ́ìlì á sì dà yàà sílẹ̀. Láìpẹ́, iná pupa tó ní àwòrán agolo ọ́ìlì á tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Awakọ̀ tó bá pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀ lè bọ́ pẹ̀lú owó ọ́ìlì àti fílítà nìkan. Èyí tó bá ní òun fẹ́ rọra dé Ore ná, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè nọ́ọ̀kì kó tó dé. Níbi tí a bá ti tú fílítà tí a sì bá rọ́bà méjì, kò sí àríyànjiyàn kankan: ẹni tó pààrọ̀ rẹ̀ gbẹ̀yìn ló ṣe é.

Nọ́ọ̀tì táyà kò rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá tú táyà láti yẹ búrèèkì wò, ìmọ̀ràn àwọn tó mọṣẹ́ ni pé ká tún fún nọ́ọ̀tì náà le lẹ́yìn bíi 50 sí 100 kìlómítà, nítorí ó lè dẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí táyà bá jókòó tán. Bí nọ́ọ̀tì bá tú dànù lẹ́yìn oṣù kan, ìbéèrè méjì ló wà níbẹ̀: ṣé wọ́n fún un dáadáa, ṣé wọ́n sì sọ fún oníbàárà pé kó padà wá fún un?

Bí ẹnì kan bá pààrọ̀ ọ́ìlì lónìí, tí páǹpù omi ọkọ̀ rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í jò lọ́tùúnla, kì í ṣe ọ́ìlì ló fà á. A lè bi mẹkáníìkì pé kí ló dé tí kò rí i nígbà tó ń yẹ ọkọ̀ wò. Ìbéèrè tó tọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n a kò lè ní kó san owó páǹpù tó ti gbó kó tó fọwọ́ kàn án.

Bí ìwé ṣe kúrò nínú ọ̀rọ̀ wa

Nígbà kan, ọ̀dọ̀ ẹni tó ta ọkọ̀ ni wọ́n ti ń ṣe sáfíìsì rẹ̀. Àwọn kọ́ńpìnnì bíi SCOA, Leventis àti CFAO ń ta ọkọ̀ tuntun, wọ́n sì ní ṣọ́ọ̀bù tiwọn. Ọmọ bíbí Ìlárá-Mọ̀kín ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa níbí, Olóyè Michael Ade-Ojo, dá Elizade sílẹ̀ ní 1971, ó sì di ọ̀kan lára àwọn tí a mọ̀ jù nídìí títa ọkọ̀ Toyota. Ní 1975, ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ jọ. Ẹni tó bá gbé ọkọ̀ lọ sírú ibi bẹ́ẹ̀ nígbà náà á rí ẹni tí yóò gbà á lálejò, tí yóò kọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ náà sórí jọ́ọ̀bù káàdì, tí yóò kọ iye kìlómítà tó ti rìn, tí yóò sì ní kó fọwọ́ sí i. Bí àṣìṣe bá wà, ìwé ló ń sọ̀rọ̀.

Ìlànà àtúntò ọrọ̀ ajé tí à ń pè ní SAP, tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní 1986, já náírà walẹ̀, owó ọkọ̀ tuntun sì lé kọjá agbára olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba. Tòkunbọ̀ gba ìgboro. Ẹni tó ra tòkunbọ̀ kò ní kọ́ńpìnnì tí yóò padà lọ bá, ọ̀dọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì àdúgbò ló ń gbé e lọ. Mi ò ka àwọn ọ̀gá wọ̀nyí sí ẹni yẹpẹrẹ rárá. Àwọn ló jẹ́ kí ọkọ̀ wa ṣì máa rìn láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ wọn sì lè fi etí lásán mọ ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n ẹnu ni wọ́n fi ń ṣàdéhùn. Ní Ore àti Odigbo, ẹni mélòó ló ń gba rìsíìtì lẹ́yìn sáfíìsì? Níbi tí kò bá ti sí ìwé, ẹni tí ohùn rẹ̀ bá ròkè jù la máa ń rò pé ó jàre. Ibẹ̀ ni ariwo ti wọ ọ̀rọ̀ náà.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Kí oníbàárà fi WhatsApp ránṣẹ́ sí ọ̀gá náà ní ọjọ́ tó gbé ọkọ̀ wá: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ọkọ̀ mi ti dé ọ̀dọ̀ yín lónìí fún ọ́ìlì, fílítà àti búrèèkì iwájú. Kìlómítà tó wà lórí rẹ̀ rèé." Kó ya àwòrán dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́ ọn. Bí ọ̀gá náà bá fèsì pé òun ti rí i, ìwé ti wà láàárín wọn nìyẹn. Kó sì san owó náà láti báǹkì sí báǹkì, kó kọ "owó sáfíìsì" sí i.

Ohun tí a óò ṣe lẹ́bàá ọ̀nà

Ká ní ọkọ̀ tí wọ́n ṣe sáfíìsì rẹ̀ l'Ékòó tàbí l'Ákùúrẹ́ wá dákú ní Ore. Ẹni tó ṣe é jìnnà, ilẹ̀ ń ṣú, ọmọ àti ìyàwó wà nínú ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó máa ní kí wọ́n sùn sójú títì nítorí ẹ̀rí. Mẹkáníìkì Ore gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ìbẹ̀rù tó wà níbẹ̀ ni pé bí ẹlòmíràn bá ti tú ọkọ̀ náà, ẹni àkọ́kọ́ lè sọ pé ẹni yẹn ló bà á jẹ́. Ó sì lè jẹ́ òótọ́ ló sọ.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó tú nǹkan kan, ẹ pe ẹni àkọ́kọ́. Ẹ má sọ pé ó ba ọkọ̀ yín jẹ́. Ẹ sọ ohun tí ojú yín rí, ẹ sì bi í pé kí ló rò pé ẹ lè ṣe. Mo ti rí i tí ọ̀gá tó wà l'Ékòó bá ọ̀gá tó wà ní Ore sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tí wọ́n jọ mọ ibi tí nǹkan ti yíwọ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, nítorí pé ẹni tó ni ọkọ̀ kò kọ́kọ́ bú ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn ìpè náà, ẹ ya àwòrán: ibi tó ti ń jò, gééjì ọ́ìlì lẹ́yìn tí ẹ fà á yọ, dáṣíbọ́ọ̀dù àti kìlómítà rẹ̀. Bí mẹkáníìkì Ore bá ń tú u, ẹ fi fóònù ká a sílẹ̀. Páàtì tó bá yọ, ẹ gbà á, ẹ wé e sínú ọ̀rá, ẹ gbé e sínú búùtù. Fílítà onírọ́bà méjì tí a jù sínú gọ́tà kì í jẹ́rìí fún ẹnikẹ́ni. Kí ẹ tó kúrò, ẹ ní kí mẹkáníìkì Ore kọ ohun tó bá níbẹ̀ àti owó tó gbà sórí ìwé, kódà bó jẹ́ ìwé ọmọ ilé ẹ̀kọ́, kó sì kọ orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ sí i.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jáde lẹ́nu

Ẹ padà dé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ṣe sáfíìsì náà. Ọ̀gá wà lábẹ́ ọkọ̀ ẹlòmíràn, ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin dúró yí i ká, oníbàárà méjì jókòó sórí bẹ́ńṣì. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà pé "Ẹ wo ohun tí ẹ ṣe fún mi!", ẹ ti pàdánù. Ọ̀gá tí a dójú tì lójú àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ kò ní gbà láéláé pé òun ṣàṣìṣe, nítorí bó bá gbà, kì í ṣe owó yín nìkan ló máa san, iyì tó fi ń kọ́ wọn níṣẹ́ á lọ pẹ̀lú. Ẹ kí i pé ó kú iṣẹ́. Ẹ kí àwọn tó wà níbẹ̀. Ẹ ní, "Ọ̀gá, bí ẹ bá ráàyè, mo fẹ́ rí yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan." Àwọn tó gbọ́ á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n ẹ ti bò ó láṣìírí.

Nígbà tí ẹ bá dá wà, ẹ to ọ̀rọ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀. "Ọjọ́ Ẹtì ni mo gbé ọkọ̀ kúrò lọ́dọ̀ yín. Kò tíì pé wákàtí mẹ́ta lójú ọ̀nà tí iná ọ́ìlì fi tàn. Mo pa á, mo pè yín. Fílítà tí wọ́n yọ rèé, ẹ wò ó." Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ṣòro fún wa, ṣùgbọ́n ó ṣe pàtàkì, nítorí òun ló máa jẹ́ kí ojú ọ̀gá náà rí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá sọ ẹ̀dà tirẹ̀, ẹ gbọ́ ọ tán. Ó lè sọ ohun tí ẹ kò mọ̀: pé ẹ̀yin lẹ ra fílítà náà wá fúnra yín, tí kò sì bá ẹ́ńjìnnì yín mu.

Ibi tí ọ̀pọ̀ oníwà pẹ̀lẹ́ ti máa ń kùnà ni pé wọn kì í sọ ohun tí wọ́n ń fẹ́. Wọ́n á ṣàlàyé tán, wọ́n á ní, "Ẹ wo ohun tí ẹ bá lè ṣe." Kò dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ ọ́ ní pàtó: kó tún iṣẹ́ náà ṣe láìgba owó, tàbí kó dá owó ọ́ìlì àti fílítà padà, tàbí kó san ohun tí ẹ ná ní Ore bó ṣe wà nínú ìwé yìí. Ẹ sì fún un ní ọjọ́. Ẹni tó bá fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè iye kan pàtó, tó sì dá ọjọ́, kò sẹ́ni tó máa kà á sí ojo.

Ní kọ́ńpìnnì ńlá, ètò náà gùn díẹ̀. Ẹni tó gba ọkọ̀ yín nídìí káńtà kọ́ ló tú u, nítorí náà bíbú u kò dé ibi tí àṣìṣe wà. Ẹ fi nọ́ńbà jọ́ọ̀bù káàdì yín hàn án, ẹ ní kó kọ ẹ̀sùn yín sílẹ̀, kó sì fún yín ní ẹ̀dà rẹ̀. Bí kò bá sí ìdáhùn, ẹ kọ lẹ́tà sí máníjà àwọn tó ń ṣe sáfíìsì. Ojú ewé kan ti tó. Bí wọ́n bá sọ pé wárántì ti já nítorí pé mẹkáníìkì Ore fọwọ́ kan ọkọ̀ náà, ẹ ní kí wọ́n fi ibi tí ìwé wárántì ti sọ bẹ́ẹ̀ hàn yín, kí wọ́n sì ṣàlàyé bí iṣẹ́ Ore ṣe fa ohun tó ti bàjẹ́ kó tó dé Ore.

Ohun tí òfin wí

Èrò tó gbilẹ̀ ni pé bí a bá ti sanwó tí a sì ti wa ọkọ̀ jáde, ọ̀rọ̀ ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀ lábẹ́ òfin Nàìjíríà. Òfin ìdíje ọjà àti ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, sọ ọ́ ní abala 130 pé oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́ tó dára bó ṣe yẹ kí ẹnikẹ́ni retí, àti pé ohun ìní tó fi síkàáwọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ padà sọ́wọ́ rẹ̀ láìburú ju bó ṣe gbé e wá. Bó ṣe rí pẹ̀lú aṣọ tí a gbé fún télọ̀ náà ló rí pẹ̀lú ọkọ̀: ẹni tó gbà á ló ń tọ́jú rẹ̀ títí a ó fi wá gbà á. Bí iṣẹ́ náà kò bá dára, oníbàárà lè ní kí wọ́n tún un ṣe, tàbí kí wọ́n dá apá kan tó bójú mu nínú owó náà padà. Òfin yìí kò yọ mẹkáníìkì abẹ́ igi sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ta iṣẹ́ ló bá wí. Ó tún ní kí ẹni tó bá ń ta páàtì tòkunbọ̀ tàbí èyí tí wọ́n tún ṣe jẹ́ kí ó hàn sí ẹni tó ń rà á pé kì í ṣe tuntun.

Pátákó tó ní "kò sí owó tó ń padà" tí a ń rí lára ògiri kò lágbára láti pa ẹ̀tọ́ yìí rẹ́. Àjọ FCCPC, tí òfin náà dá sílẹ̀, ti sọ èyí láìmọye ìgbà.

Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ńkọ́? Àwọn kan á sáré lọ sí tẹ́ṣàn láti lọ ti mẹkáníìkì mọ́lé. Òfin Iléeṣẹ́ Ọlọ́pàá ti 2020, ní abala 32, sọ pé a kò gbọ́dọ̀ mú ẹnikẹ́ni kìkì nítorí àdéhùn tó yẹ̀ tàbí ẹ̀ṣẹ̀ tí kì í ṣe ìwà ọ̀daràn. Bí kò bá sí olè jíjà tàbí jìbìtì nínú rẹ̀, iṣẹ́ wọn kọ́. Òfin gbè ọ̀gá mẹkáníìkì pẹ̀lú. Bí ẹ kò bá tíì san owó iṣẹ́ tó ṣe, ó lè di ọkọ̀ yín mú títí ẹ ó fi san án. Ẹ má lọ fi tipátipá wa ọkọ̀ jáde lóru.

Bí ọ̀gá náà bá kọ̀ jálẹ̀, àwọn mẹkáníìkì ní ẹgbẹ́ tí à ń pè ní NATA, ẹgbẹ́ náà sì ní alága ní ọ̀pọ̀ ìlú. Ẹ lọ bá alága, ẹ kó ìwé, àwòrán àti páàtì náà dání. Mo gbà pé ibẹ̀ ló yẹ kí ọ̀pọ̀ ẹjọ́ yìí ti parí, nítorí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ni yóò wo fílítà yẹn, wọn ò sì ní nílò àlàyé gígùn. Bí kò bá yanjú níbẹ̀, abala 146 òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018 gbà yín láyè láti fẹjọ́ sun FCCPC tàbí láti gba kóòtù lọ. Kóòtù Májísíréètì wà ní Ore. Gbogbo ìwé tí ẹ fi pẹ̀lẹ́tù kó jọ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ló máa wúlò níwájú adájọ́. Èébú tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp náà yóò sì wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì Ore àti Odigbo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra búùkù rìsíìtì kan. Ẹ kọ orúkọ ọkọ̀, kìlómítà rẹ̀, ohun tí ẹ pààrọ̀ àti ọjọ́ tí ẹ ṣe é, kí ẹ fi ẹ̀dà kan lé oníbàárà lọ́wọ́, kí ẹ sì sọ fún un pé kó padà wá fún nọ́ọ̀tì táyà. Bó bá padà wá pẹ̀lú ẹ̀sùn, tó sì kí yín dáadáa, ẹ wo ọkọ̀ náà kí ẹ tó dáhùn.